Ṣé Kí A Jẹ Kálórì Tí Eré Ìdárayá Bá Jó Padà?

Ẹni tó bá ń wá bí yóò ṣe dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù kì í pẹ́ dé oríta kan. Ó ti rìn fún wákàtí kan gbáko, òógùn ti bò ó, aago ọwọ́ rẹ̀ sì ní ó ti jó 300 kálórì. Oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ sì ti ní òdiwọ̀n tẹ́lẹ̀. Ṣé kí ó fi 300 yẹn kún oúnjẹ ọjọ́ náà, àbí kí ó jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀ kí ara lè tètè fúyẹ́? Àwọn kan ní kí ó jẹ gbogbo rẹ̀ padà, torí pé ẹni tí ebi ń pa kì í pẹ́ lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní kí ó má fọwọ́ kan ẹyọ kan níbẹ̀, torí pé ohun tí a jó tí a tún jẹ padà kò mú èrè wá. Àwọn ìkẹta ní kí ó jẹ ìdajì.

Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ibi tó ti tọ̀nà, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí àríyànjiyàn náà tán. Èyí tó máa bá ẹnì kan mu dúró lórí ohun mẹ́ta: bí wọ́n ṣe ṣírò oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí eré ìdárayá rẹ̀ ṣe le tó, àti irú ara tó ní. A ó gbé wọn yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì wo ohun tí ìwádìí sọ nípa wọn. Ibi tí èmi dúró sí nìyí, kí òǹkàwé ti mọ̀ ọ́n báyìí: oúnjẹ wa gbọ́dọ̀ mọ̀ pé à ń ṣe eré ìdárayá, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí aago bá gbé jáde lẹ́yìn eré kò yẹ ní ohun tí a ó fi bu oúnjẹ alẹ́.

Ibi tí kálórì ń lọ

Kálórì tí a ń wí níhìn-ín ni èyí tí wọ́n máa ń kọ ní kcal sí ara agolo àti páálí oúnjẹ. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Wilbur Atwater, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Wesleyan University ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Edward Rosa kọ́ yàrá kékeré kan tí ènìyàn lè gbé inú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n á sì máa wọn ooru tí ara rẹ̀ ń mú jáde. Láti inú iṣẹ́ Atwater ni a ti rí ìlànà tí ayé ṣì ń lò dòní: gíráàmù kan púrótéènì, tàbí gíráàmù kan oúnjẹ afáralókun bí iṣu àti gàrí, ń mú kálórì 4 wá, gíráàmù kan ọ̀rá tàbí òróró ń mú 9 wá. Ìdí nìyí tí ṣíbí ìbùkọbẹ̀ kan epo pupa, bí ó bá tó gíráàmù 14, fi ń gbé nǹkan bíi 125 kálórì wọ inú ìkòkò.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ara ń gbà ná ohun tó bá wọlé. Èyí tó pọ̀ jù, nǹkan bí ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ni ó fi ń gbé ẹ̀mí ró: ọkàn tó ń lù, ọpọlọ tó ń ronú, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tó ń ṣiṣẹ́ bí a tilẹ̀ ń sùn. Nǹkan bí ìdá 10 ń bá dídà oúnjẹ lọ. Èyí tó kù ni a ń ná sórí ìṣípòpadà. Ìṣípòpadà náà pín sí méjì: eré ìdárayá tí a dìídì ṣe, àti gbogbo ìrìn, ìdìde, gbígbálẹ̀, fífọṣọ àti lílọ bíbọ̀ tí a kì í kà sí eré. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìpín kejì yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ.

James Levine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic fi agbára ìpín kejì yìí hàn ní 1999. Wọ́n fún ènìyàn 16 ní 1,000 kálórì lé lórí ohun tí ara wọn nílò, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹni tí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ sí i jù lọ fi kílò 4.23 kún un. Ẹni tí tirẹ̀ kéré jù fi kílò 0.36 péré kún un. Ohun tó mú ìyàtọ̀ ńlá yẹn wá ni pé ara àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kiri láìjẹ́ pé wọ́n pinnu rẹ̀, ti àwọn mìíràn kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé ohun tó lè pọ̀ sí i láìjẹ́ pé a mọ̀ lè dín kù láìjẹ́ pé a mọ̀ pẹ̀lú.

Ìṣirò méjì tó ń da ọ̀rọ̀ rú

Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí ìbéèrè yìí ló jẹ́ pé àwọn méjì ń lo ìwé ìṣirò tó yàtọ̀ síra, wọn kò sì mọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Obìnrin kan jẹ́ ẹni ọdún 38, ó wọn kílò 85, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 163. Ìlànà Mifflin-St Jeor, tí wọ́n gbé jáde ní 1990, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ oúnjẹ ń lò láti fojú díwọ̀n ohun tí ara ń ná nígbà ìsinmi. Fún obìnrin, a ó fi 10 sọ ìwọ̀n ara di púpọ̀, a ó fi 6.25 sọ gíga di púpọ̀, a ó ro méjèèjì pọ̀. A ó wá yọ ọjọ́ orí lọ́nà márùn-ún kúrò, a ó sì tún yọ 161. Ti obìnrin wa yóò jẹ́ nǹkan bíi 1,518.

Ìwé ìṣirò àkọ́kọ́ kò ka eré ìdárayá rárá. Ó fi 1.2, ìyẹn nọ́ńbà ẹni tó ń jókòó ṣiṣẹ́, sọ 1,518 di púpọ̀, ó rí 1,821. Ó yọ 500 kúrò kí ara lè fà lára ọ̀rá tó wà nílẹ̀, ó kù 1,321. Bí obìnrin náà bá wá rìn lọ́jọ́ kan, wọ́n á fi ohun tí ìrìn náà jó kún 1,321 fún un. Bí áàpù MyFitnessPal, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá ń lo ìwé yìí ní ẹ̀tọ́ láti jẹ díẹ̀ padà, torí pé kò sẹ́ni tó tíì ka eré rẹ̀ mọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Ìwé ìṣirò kejì ka eré mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wo gbogbo ọ̀sẹ̀ lápapọ̀, ó ní obìnrin yìí ń ṣe eré díẹ̀, ó fi 1.375 sọ ọ́ di púpọ̀, ó rí 2,087. Ó yọ 500 kúrò, ó kù 1,587 lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ ọjọ́ tó rìn tàbí ọjọ́ tó sinmi. Àlàfo tó wà láàárín ìwé méjèèjì, 266 kálórì lójúmọ́, ni owó eré ìdárayá náà. Wọ́n ti san án sílẹ̀. Bí ó bá tún jẹ ohun tí aago kà, ó dà bí ẹni tó ti kó àjọ rẹ̀ lóṣù yìí tó tún padà lọ bá alájọ pé kó kó o fún òun lẹ́ẹ̀kejì. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ títí tí ìwọ̀n wọn kì í sì í yẹ̀: wọ́n fi ìwé kejì ṣe ìpìlẹ̀, wọ́n wá fi àṣà ìwé kìíní lé e lórí.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni èyí: 1,400 tàbí 1,600 tí wọ́n fún yín yìí, ṣé eré yín ti wà nínú rẹ̀? Ẹni tó bá lè dáhùn èyí ti tán ìdajì ìṣòro náà.

Kí ni wákàtí ìrìn kan tó sí?

Ká ní obìnrin wa ń fẹsẹ̀ rìn fún wákàtí kan, ìrìn tó yá díẹ̀, lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ń mú ara ná nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ ohun tó ń ná nígbà ìjókòó. Nígbà ìjókòó, ara ń ná nǹkan bíi kálórì kan fún kílò kan láàárín wákàtí kan. Fún kílò 85, wákàtí ìrìn yẹn á jẹ́ nǹkan bíi 297. Nọ́ńbà tó sún mọ́ èyí ni ọ̀pọ̀ aago àti ẹ̀rọ jíìmù máa ń gbé jáde.

Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà bá jókòó sílé ní wákàtí yẹn, ara rẹ̀ ì bá ṣì ná 85. Ìṣirò oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ sì ti ka 85 náà tẹ́lẹ̀. Ohun tí ìrìn fi kún un ní ti gidi jẹ́ nǹkan bíi 212. Bí a bá fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀ tí a pín in fún ọjọ́ méje, ó jẹ́ nǹkan bíi 150 lójúmọ́. Ẹ wò ó: 266 ni ìwé kejì ti san fún un fún eré tó tó 150. Kí ó tó gbé ṣíbí kankan lé e, wọ́n ti san ju iṣẹ́ lọ.

Ti aago fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Stanford University gbé oríṣi aago àti ẹ̀rọ ọwọ́ méje yẹ̀ wò lára ènìyàn 60. Mẹ́fà nínú méje ka ìlù ọkàn dáadáa, àṣìṣe wọn kò tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí kálórì, èyí tó ṣe dáadáa jù lọ fi ìdá 27 ṣìnà ní ìpíndọ́gba, èyí tó burú jù sì fi ìdá 93 ṣìnà. Àwọn ẹ̀rọ ti yí padà láti ìgbà náà, síbẹ̀ iṣẹ́ wọn kò yí padà: wọ́n ń fi ìlù ọkàn àti mímì apá méfò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Aago dára fún mímọ̀ bóyá a rìn lónìí ju àná lọ. Bí ó bá di ti bíbu oúnjẹ, kò tíì tó ẹni tí a ń fi ọkàn tán.

Àwa náà kò kúkú mọ ìṣirò tiwa. Steven Lichtman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní New York, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1992, lórí àwọn ènìyàn mẹ́wàá tí wọ́n ní àwọn ń dín oúnjẹ kù ṣùgbọ́n ara àwọn kì í dín. Ìwádìí náà fi hàn pé ara wọn ń ná kálórì bó ṣe yẹ. Oúnjẹ tí wọ́n ròyìn rẹ̀ fi ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí èyí tí wọ́n jẹ, eré tí wọ́n ròyìn rẹ̀ sì fi ìdá 51 ju èyí tí wọ́n ṣe lọ. Wọn kì í ṣe òpùrọ́. Ẹni tó bá jẹ ọbẹ̀ tí ẹlòmíràn sè, báwo ni yóò ṣe mọ iye epo tó wà nínú rẹ̀? Lórí tábìlì tiwa, níbi tí a kì í ti í wọn epo, tí a sì ń fi ojú bu òkèlè, àṣìṣe 200 kálórì lóòjọ́ kì í ṣòro rárá. Òun nìkan sì ti tó láti gbé odidi wákàtí ìrìn mì.

Ara náà ń ṣe ìṣirò tirẹ̀

Ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn bí ara bá kàn ń fi kálórì eré kún ti ìsinmi. Ìwádìí láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀délẹ̀, ilẹ̀ wa sì kó ipa nínú ìmọ̀ náà.

Amy Luke ní Loyola University ní Chicago àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó fi mọ́ àwọn olùwádìí ará Nàìjíríà, fi àwọn obìnrin ìgbèríko ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà wé àwọn obìnrin Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ní agbègbè Chicago. Omi àkànṣe kan ni wọ́n fún wọn mu, èyí tí a fi ń wọn ohun tí ara ń ná nígbà tí ènìyàn ń gbé ìgbé ayé rẹ̀ bó ṣe máa ń gbé e. Àwọn tó ń gbé ní Chicago wúwo ju àwọn ará ilé lọ dáadáa: nǹkan bíi kílò 83 sí nǹkan bíi 58. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa rò ni pé àwọn ará ìgbèríko, tí wọ́n ń pọnmi tí wọ́n sì ń ṣẹ́gi, á jó kálórì lọ́nà tó ju tàwọn yòókù lọ fíìfíì. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 sọ nǹkan mìíràn. Ohun tí àwọn obìnrin Nàìjíríà ń ná sórí ìṣípòpadà jẹ́ nǹkan bíi 800 kálórì lóòjọ́, ti àwọn Chicago jẹ́ nǹkan bíi 760. Nígbà tí wọ́n ro ti títóbi ara mọ́ ọn, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe é tọ́ka sí. Oúnjẹ ni àwọn olùwádìí náà nawọ́ sí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orísun ìyàtọ̀ ìwọ̀n ara wọn.

Ní 2012, Herman Pontzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí irú rẹ̀ láàárín àwọn Hadza ní àríwá Tanzania, àwọn ọdẹ tó ń rìn jìnnà lójoojúmọ́ láti wá oúnjẹ. Àpapọ̀ kálórì tí wọ́n ń ná lóòjọ́, bí a bá ro ìwọ̀n ara wọn mọ́ ọn, kò yàtọ̀ sí ti àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Láti ibẹ̀ ni Pontzer ti wá sọ pé ó jọ pé ara ní òpin tí kì í fẹ́ kọjá: bí eré bá pọ̀, ó ń dín ìnáwó kù níbòmíràn.

Báwo ni ìdínkù náà ṣe pọ̀ tó? Ní 2021, Vincent Careau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò àkọsílẹ̀ àgbàlagbà 1,754. Wọ́n rí i pé, ní ìpíndọ́gba, ara ń gba nǹkan bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún kálórì eré padà nípa dídín ohun tó ń ná nígbà ìsinmi kù. Ìdá 72 ló ń wọ inú àpapọ̀ ọjọ́ náà. Lára àwọn tó sanra jù, ìdá tí ara ń gbà padà tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ní láti fi ìṣọ́ra lo nọ́ńbà yìí. Wọ́n fi ènìyàn wé ènìyàn ni, kì í ṣe pé wọ́n mú ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n wo bí ara rẹ̀ ṣe yí padà lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ eré. Síbẹ̀, ó bá àwọn ìwádìí tó ṣáájú mu.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ebi. Nínú ìwádìí Midwest tí Joseph Donnelly darí, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013, àwọn ọ̀dọ́ tó sanra jó 400 tàbí 600 kálórì lórí ẹ̀rọ lábẹ́ ojú àwọn olùwádìí, lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá. Wọn kò dín oúnjẹ wọn kù. Àwọn 400 sọ kílò 3.9 nù ní ìpíndọ́gba, àwọn 600 sọ 5.2 nù. Bí a bá ní kí gbogbo 7,700 kálórì dúró fún kílò ọ̀rá kan, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, àwọn 400 ì bá ti sọ nǹkan bíi kílò 11 nù. Apá kan àlàfo náà wá láti inú pé òfin 7,700 kò ro ti ara tó ń kéré sí i, tí ìnáwó rẹ̀ sì ń dín kù. Apá kan wá láti ẹnu. Ìwádìí mìíràn ní Pennington Biomedical Research Center ní Louisiana, tó jáde ní 2019, tẹ̀lé àwọn tí wọ́n fún ní eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ 24, ó sì rí i pé èrè eré náà kéré sí ohun tí ìṣirò retí, pàápàá nítorí pé wọ́n fi nǹkan bíi 100 kálórì kún oúnjẹ wọn lóòjọ́. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n jẹ ẹ́ padà. Ebi ló jẹ ẹ́ padà fún wọn.

Ohun tí àwọn ìwádìí wọ̀nyí kọ́ wa ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jẹ kálórì eré padà kí wọ́n tó béèrè ìbéèrè náà rárá. Òkèlè kan tó tóbi díẹ̀, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan nínú mọ́tò. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan lẹ́yìn jíìmù náà wà níbẹ̀: bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ bá jẹ́ ṣúgà, 50 cl rẹ̀ gbé 200 kálórì. Wákàtí ìrìn obìnrin wa ti tán nínú ìgò kan.

Ìdajì ńkọ́?

Ìmọ̀ràn pé kí a jẹ ìdajì ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó sì lè dà bí ohun tí wọ́n kàn fi parí ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dán an wò. Aago ní 297. Ẹ yọ 85 ti ìjókòó kúrò, ó kù 212. Ẹ mú ìdá 72 nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwádìí Careau, ó kù 153. Ìdajì 297 jẹ́ nǹkan bíi 149. Àwọn tó ń sọ pé ìdajì ti sún mọ́ òótọ́, bí wọn kò tilẹ̀ fi ìdí rẹ̀ hàn.

Ẹ kíyè sí i pé ìdajì yìí dá lórí pé aago náà ka òótọ́, àti pé ìwé ìṣirò kìíní ni ẹni náà ń lò. Bí ó bá ń lo ìwé kejì, odo ni ìdajì rẹ̀. Ìdajì náà sì jẹ́ òpin tí kò yẹ kó kọjá. Kì í ṣe dandan kó jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ bí ebi kò bá pa á.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́

Títí di ìhín, ẹ̀rí ti ń fà sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ní kí a má jẹ ẹ́ padà. Ẹgbẹ́ kan wà tí ìmọ̀ràn yẹn lè ṣe ní jàǹbá gidi.

Anne Loucks, onímọ̀ nípa ara àwọn eléré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí obìnrin bá ń ṣe eré gan-an tí oúnjẹ rẹ̀ kò sì tó. Ó mú kálórì tí wọ́n jẹ, ó yọ èyí tí wọ́n fi ṣe eré kúrò, ó sì wo ohun tó kù fún ara láti fi gbé ẹ̀mí ró. Nígbà tí ohun tó kù bá kéré sí nǹkan bíi 30 kálórì lórí kílò kọ̀ọ̀kan ara tí kì í ṣe ọ̀rá, àwọn họ́mónù tó ń darí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n fi ṣe é. Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé fún àìsàn tó ń tinú èyí wá ní orúkọ ní 2014: RED-S. Nǹkan oṣù lè dá dúró, egungun lè fúyẹ́ títí kó fi sán, ara lè máa tutù, oorun lè dàrú, òtútù àti ibà lè máa ṣe lemọ́lemọ́. Ó ń mú ọkùnrin pẹ̀lú. Ìfẹ́ sí ìbálòpọ̀ ń dín kù, agbára sì ń rẹlẹ̀.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọn kílò 60; kílò 45 nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rá. Ó ń múra fún eré sísá gígùn, eré rẹ̀ sì ń jó 600 lóòjọ́. Ó ń jẹ 1,500 torí pé ó fẹ́ fúyẹ́ sí i. Bí a bá yọ 600 kúrò, 900 ló kù. Bí a bá fi 45 pín in, ogún péré ló jẹ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó lè dé 30, ó gbọ́dọ̀ jẹ 1,950. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ yìí pé kó má jẹ kálórì eré padà ti ṣì í lọ́nà gan-an.

Irú rẹ̀ náà ni ẹni tó ń fi ara ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́: alágbàṣe tó ń po sìmẹ́ǹtì, alábàárù tó ń gbé àpò ní ọjà, àgbẹ̀ tó ń kọ ebè. Tiwọn kì í ṣe wákàtí kan lójúmọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ dín ìwọ̀n kù, àlàfo kékeré ni kí wọ́n fi síbẹ̀, kí iṣẹ́ òòjọ́ wọn sì wọ inú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn alárùn ìtọ̀ ṣúgà tó ń lo ínsúlínì, tàbí oògùn bíi glibenclamide tó lè já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dá ìpinnu yìí ṣe. Eré ìdárayá nìkan lè mú ṣúgà wọn lọ sílẹ̀ dé ibi tó léwu. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ díẹ̀ ṣáájú eré, tàbí dídín oògùn kù, ni dókítà wọn máa sọ. Ẹni tó lóyún, ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú, àti ọmọ tó ṣì ń dàgbà náà ní láti bá onímọ̀ ìlera sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dín ohunkóhun kù. Bákan náà ni ẹni tó ti fi ebi jẹ ara rẹ̀ níyà rí, tàbí tó ń jẹun tán tó sì ń fi eré lé oúnjẹ náà dànù: kíka kálórì eré lè dá àìsàn náà padà sí i lára. Ìrànlọ́wọ́ ni ó nílò ju ìṣirò lọ.

Bí a ṣe lè ṣe é

Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ara wọn le, tí wọ́n ń rìn tàbí tí wọ́n ń lọ sí jíìmù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, lẹ́ẹ̀mẹta sí márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀nà tó rọrùn jù nìyí. Kí wọ́n mú ìwé ìṣirò kan ṣoṣo. Ìwé kejì, èyí tó ka eré mọ́ oúnjẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni mo fara mọ́ jù, torí pé oúnjẹ ọjọ́ gbogbo á máa jọra, ìdílé á lè sè é, ọkàn á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ara wọn sí ipò tó ga ju ohun tí wọ́n ń ṣe lọ. Ẹni tó ń jókòó ní ọ́fíìsì láti àárọ̀ tó sì ń rìn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ṣì sún mọ́ ẹni tó ń jókòó ju ẹni tó ń ṣe eré lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ìwọ̀n ara ṣe ìdájọ́. Kí ènìyàn gun orí ìwọ̀n ní àárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀, kó sì wá ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ náà. Nọ́ńbà ọjọ́ kan kì í sọ òtítọ́ tó pọ̀. Iyọ̀, omi, àmàlà àná àti nǹkan oṣù lè gbé e sókè tàbí sílẹ̀ pẹ̀lú kílò kan sí méjì. Kí ó fi téèpù télọ̀ wọn ìbàdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bí ìwọ̀n bá ń fi ìdajì sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀ dín kù lọ́sẹ̀, kó má yí ohunkóhun padà. Bí kò bá dín rárá, kó yọ 100 sí 200 kúrò nínú oúnjẹ òòjọ́. Epo, ọtí àti ohun mímu onísúgà ni kó kọ́kọ́ wò. Bí ó bá ń dín ju ìyẹn lọ, tí agbára rẹ̀ nínú eré ń wálẹ̀, tí ebi ń jí i lóru, kó fi 150 sí 200 kún un. Ọ̀nà yìí ti gbé àṣìṣe aago, àṣìṣe ọbẹ̀ àti ohun tí ara ń gbà padà sínú ìṣirò kan ṣoṣo. Kò nílò ká mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Bí ohun kan bá wà tó yẹ kí eré ìdárayá mú ká jẹ, púrótéènì ni. Ẹni tó ń dín ìwọ̀n kù lè pàdánù ẹran ara pẹ̀lú ọ̀rá, àwọn ohun tó sì ń dáàbò bo ẹran ara náà ni gbígbé nǹkan wúwo àti púrótéènì tó tó, nǹkan bíi gíráàmù 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara lóòjọ́. Ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, adìyẹ tí a yọ awọ rẹ̀, wàrà àti sóyà lè gbé ènìyàn débẹ̀. Kí ó pín in sí oúnjẹ mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn sún mọ́ àkókò eré. Ẹni tó bá mọ̀ pé ebi máa ń pa òun gan-an lẹ́yìn eré, kó gbé eré náà sí ṣáájú oúnjẹ tó ti wà nínú ètò. Báyìí ni yóò fi jẹun lẹ́yìn eré láìfi kálórì kankan kún ọjọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí eré bá gùn rékọjá, bí ìrìn àjò ẹlẹ́sẹ̀ wákàtí mẹ́rin tàbí eré ìdíje, kí ó jẹ ìdajì ohun tí aago kà, kó má sì fi ọkàn dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Ìdájọ́

Láti inú gbogbo ohun tí a ti gbé yẹ̀ wò, ìdáhùn náà rí báyìí. Bí oúnjẹ òòjọ́ yín bá ti ka eré mọ́ ara rẹ̀, ẹ má jẹ nǹkan kan padà, àyàfi ní ọjọ́ tí eré bá gùn rékọjá. Bí kò bá kà á, ẹ jẹ tó ìdajì ohun tí aago sọ, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá jẹ́ eléré ìdárayá gidi, alágbàṣe, tàbí ẹni tí dókítà ń tọ́jú, oúnjẹ eré yín kì í ṣe ohun àfikún. Ó jẹ́ apá kan ìlera yín, onímọ̀ sì ló yẹ kó bá yín ṣírò rẹ̀.

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un, torí ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí i láàárín àwọn ènìyàn wa nílé àti lókè òkun. Ọ̀pọ̀ ti sọ oúnjẹ di owó iṣẹ́, wọ́n sì sọ eré di ìyà tí wọ́n fi ń san gbèsè iyán. Bí ìwọ̀n kò bá dín kù, wọ́n á ní eré kò ṣiṣẹ́, wọ́n á fi í sílẹ̀. Eré ń ṣiṣẹ́. Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó ń jẹ́ kí ara lo ṣúgà bó ṣe yẹ, ó ń mú kí oorun dùn, ó sì ń dáàbò bo egungun àti ẹran ara, yálà ìwọ̀n yẹ̀ tàbí kò yẹ̀. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tí kò sì so ó mọ́ sísanra. Ní Amẹ́ríkà, Rena Wing àti James Hill dá ìwé àkọsílẹ̀ kan sílẹ̀ ní 1994 fún àwọn tó ti sọ ó kéré tán kílò 13.6 nù tí wọn kò sì jẹ́ kó padà wá fún ọdún kan ó kéré tán. Nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ń ṣe eré, nǹkan bíi wákàtí kan lóòjọ́ ní ìpíndọ́gba. Oúnjẹ ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nígbà tí ìwọ̀n ń dín kù. Eré ni kì í jẹ́ kó padà wá.

Ẹ ṣe eré nítorí ohun tí eré ń ṣe. Ẹ jẹun ní ìwọ̀n tí ara yín, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin òtítọ́, bá fi hàn pé ó tọ́. Bí a bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀, ìbéèrè pé kí a jẹ ẹ́ padà tàbí kí a má jẹ ẹ́ kò ní máa gba oorun lójú ẹnikẹ́ni mọ́.